Luis Suárez Wo Gan-an? Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Àwọn Olórúkọ Sípéènì Mọ̀ Yàtọ̀ Síra Wọn

Èmi ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà fíúìn sẹ́ńtà kan ní Under G níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ta ló fẹ́ gbá pẹ̀lú ta, aago mélòó, èló lowó ìwọlé, ìyẹn niṣẹ́ mi yàtọ̀ sí pé èmi náà ni mo ń tan jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Ní September 2025, Kòlóńbíà lọ na Fẹnẹsúẹ́là ní 6-3 nínú ìdíje àtidé Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù, nígbà tílẹ̀ mọ́ mo kọ ọ́ gàdàgbà sí bọ́ọ̀dù pé LUIS SUÁREZ NÌKAN GBÁ MẸ́RIN WỌLÉ. Háà. Mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà.

Ọmọ yunifásítì LAUTECH kan ló kọ́kọ́ dúró, ó ní "Bọ̀dá, ẹ pa èyí rẹ́ o, Suárez ti ní òun ò gbá fún Uruguay mọ́ láti ọdún tó kọjá, kí ló wá gbé e dé Kòlóńbíà?" Kí n tó fèsì, Bàbá Tíṣà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò iwájú ìta wa gbójú sókè, wọ́n ní "Suárez? Ṣé Suárez tó gba Ballon d'Or lẹ ń sọ?" Gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Suárez wo ló gba Ballon d'Or, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dún, ìgbà wo, ṣé Messi àti Ronaldo gbà fún un ni. Bàbá ò tiẹ̀ bínú, wọ́n kàn fa ẹgbẹ̀rún méjì náírà yọ lápò, wọ́n ní ẹni tó bá dá lójú kó fi tiẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sẹ́ni tó purọ́. Èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn wa, orúkọ kan náà ló kàn wà lẹ́nu wa. Ẹni tí mo kọ sí bọ́ọ̀dù ni Luis Javier Suárez Charris, ọmọ Santa Marta ní Kòlóńbíà, December 1997 ni wọ́n bí i. Ẹni tí ọmọ LAUTECH yẹn ń rò ni Luis Alberto Suárez Díaz, ará Salto ní Uruguay, January 1987, ẹni tó fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù kúrò lójú ilé nígbà tí Uruguay ń bá Gánà gbá ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù ní July 2, 2010 tí Gyan wáá gbá pẹ́nárítì Gánà lu igi òkè (ó ṣì ń dùn mí, bí mi ò tiẹ̀ kì í ṣe ará Gánà), òun náà ló ń fi eyín bu èèyàn jẹ lórí pápá. Ẹni tí Bàbá ní lọ́kàn ni Luis Suárez Miramontes, ọmọ A Coruña ní Sípéènì, 1935 ni wọ́n bí i, ó gba Ballon d'Or ní 1960, July 2023 ló jáde láyé. Títí Rodri fi gbà á ní 2024, kò tún sí ọkùnrin kankan tí wọ́n bí sí Sípéènì tó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà nítorí Di Stéfano, ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, 1957 àti 1959, ṣùgbọ́n Ajẹntínà ni wọ́n bí i sí.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é, torí kì í ṣe orí Suárez nìkan ló mọ, àwọn ará Sípéènì àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè wọn, orúkọ wọn ń jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́, ẹni tó ń ṣe kúìsì, ẹni tó ń kọ̀ròyìn bọ́ọ̀lù sórí Facebook, ẹni tó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì, yóò wúlò fún un.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó

Àwa níbí, orúkọ ẹni, orúkọ bàbá, ó tán. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ á ní orúkọ tirẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ó lè jẹ́ méjì, orúkọ ìdílé bàbá ẹ̀ á tẹ̀ lé e, orúkọ ìdílé ìyá ẹ̀ á wá kẹ́yìn. Bàbá Luis ti Uruguay ń jẹ́ Suárez, ìyá ẹ̀ ń jẹ́ Díaz, òun wá di Luis Alberto Suárez Díaz. Ọmọ A Coruña, Suárez látọ̀dọ̀ bàbá, Miramontes látọ̀dọ̀ ìyá. Ti Kòlóńbíà, Charris ni ti ìyá. Ẹ ti rí i báyìí pé gbogbo ibi tí wọ́n ti jọra, ọ̀dọ̀ bàbá ni, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti yàtọ̀.

Kì í sì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa tá a bá rò ó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá dé agbo ilé kan nínú ìlú yìí, tẹ́ ẹ ní Adéwálé lẹ wá kí, àgbàlagbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà á bi yín pé Adéwálé wo. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ Bàbá Báyìí, tí bàbá yẹn bá láya mẹ́ta, kò tíì tán, wọ́n á ní "èyí tí ìyá ẹ̀ ń ta èlùbọ́ ni àbí ti ìyàwó kékeré?" Ìyá ló ń parí ẹ̀. Ohun tí àwọn ará Sípéènì ń fi orúkọ kejì yẹn ṣe gan-an nìyẹn, àwọn kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Ó tún fi ń ṣeé mọ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọbàkan. Fidel Castro Ruz, Raúl Castro Ruz, àwọn tó ṣe olórí Kúbà nígbà kan, méjèèjì ló bára mu, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Tó bá jẹ́ ti bàbá nìkan ló bára mu, ẹ ròó pé ọbàkan ni, tàbí mọ̀lẹ́bí, tàbí kí wọ́n má tiẹ̀ mọra wọn rí láyé, èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wọ́pọ̀ jù. Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ orúkọ wọn tó ń parí sí "ez" yẹn, "ọmọ lágbájá" ló túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Rodríguez, ọmọ Rodrigo. Fernández, ọmọ Fernando. Martínez, ọmọ Martín. Suárez náà, ọmọ Suero. Ẹ wá ronú iye Rodrigo tó ti bímọ láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún. García ló tún wá borí gbogbo wọn, ní Sípéènì nìkan àwọn tó ń jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá lé ní mílíọ̀nù 1.

Obìnrin wọn kì í pa orúkọ dà tó bá relé ọkọ. Ayaba wọn, Letizia, láti 2004 tó ti fẹ́ Felipe, Ortiz Rocasolano ló wà nínú ìwé ẹ̀ títí dòní. Nítorí náà tí ẹ bá ń wá obìnrin kan, ẹ má wulẹ̀ wá a pẹ̀lú orúkọ ọkọ ẹ̀, ẹ ò ní rí i. Láti 1999 sì ni òfin Sípéènì ti gbà káwọn òbí fi ti ìyá ṣáájú tí wọ́n bá fẹ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ wá di ìlú mọ̀ọ́ká.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa

Àwa ti fi í ṣe àṣà pé orúkọ tó bá kẹ́yìn ni ti bàbá. Ẹ bá mi fi ṣe Suárez Uruguay wò. Ẹ mú orúkọ ẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mú èyí tó kẹ́yìn: Luis Díaz. Ẹ rí i? Ẹ ti sọ ọ́ di ẹlòmíì pátápátá, torí Luis Díaz wà láàyè ara ẹ̀, Luis Fernando Díaz Marulanda, ọmọ Kòlóńbíà tí Liverpool rà ní January 2022. Kí ayé lè túbọ̀ dojú rú, òun àti Luis Suárez Charris jọ ń gbá fún Kòlóńbíà.

Irú ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń ṣe sí òǹkọ̀wé Kòlóńbíà tó gba Nobel ní 1982, tí wọ́n á máa pè é ní "Márquez". García Márquez ni o, méjèèjì pa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ láíbìrì, abẹ́ G ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má lọ sí M.

Ẹ ṣọ́ra fún Pọ́túgà àti Bràsíl ṣá o. Àwọn ń yí i padà, ti ìyá ló ń ṣáájú, ti bàbá ló ń kẹ́yìn. Cristiano Ronaldo dos Santos Aveiro: dos Santos lọ́dọ̀ ìyá, Aveiro lọ́dọ̀ bàbá. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín orúkọ, ẹ mọ orílẹ̀-èdè ẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá rí Luiz tí wọ́n fi z kọ, ẹ máa fura sí Bràsíl. Garcia tí kò lámì lórí í, ó lè jẹ́ Pọ́túgà tàbí Bràsíl, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ya ọ̀lẹ.

Ìgbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ò ran ni lọ́wọ́

Ohun tí àwọn ọmọ fíúìn sẹ́ńtà mi máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi kíláàbù dá èèyàn mọ̀. "Suárez ti Barcelona." Ó dáa, èwo nínú wọn? Ti A Coruña gbá fún Barcelona kó tó lọ sí Inter ní Ítálì ní 1961, Barcelona ló wà nígbà tó gba Ballon d'Or. Ti Uruguay náà gbá fún Barcelona, ó gba Champions League ní 2015 níbẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ó gbá góòlù 40 wọlé ní La Liga, líìgì àgbà Sípéènì. Kíláàbù kan náà, jẹ́sì kan náà, orúkọ kan náà. Ọdún nìkan ló lè là wọ́n. Inter ni ti A Coruña tún ti gba ife Yúróòpù ní 1964 àti 1965, òun ló sì kó Sípéènì lọ sí Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 1990 gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Tẹ́ ẹ bá ka ibì kan pé "Luis Suárez, kóòṣì Sípéènì", ẹ má dẹ̀ẹ́ fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Marcos Alonso. Gbogbo ọmọ Chelsea ló mọ Marcos Alonso, ẹlẹ́sẹ̀ òsì tó wà lọ́dọ̀ wọn láti 2016 sí 2022. Bàbá ẹ̀ ń jẹ́ Marcos Alonso, ó gbá fún Barcelona. Bàbá bàbá ẹ̀ ń jẹ́ Marcos Alonso, Marquitos ni wọ́n ń pè é, Real Madrid ló gbá fún, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù léraléra láti 1956 sí 1960. Ìran mẹ́ta! Lọ́dọ̀ wa, kí bàbá wà láàyè kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọmọ ẹ̀, àwọn àgbà á wò yín bákan, wọ́n á ní ṣé ẹ fẹ́ kó tètè lọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Junior ti pọ̀ nílùú báyìí. Àwọn ará Sípéènì ò ka ìyẹn sí. Àmọ́ ìyá ò jẹ́ kó bàjẹ́: bàbá àgbà ni Marcos Alonso Imaz, wọ́n bí i ní 1933, bàbá ni Marcos Alonso Peña, 1959, ọmọ ni Marcos Alonso Mendoza, 1990. Bàbá kú ní February 2023, ojoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mò ń rí àwọn èèyàn tó ń gbé fọ́tò ti Chelsea sókè pé "RIP". Ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà láyé, wọ́n ti ń sunkún ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Orúkọ ìnagijẹ, orúkọ ìyá

Ẹ gbé fóònù yín wò. Kọ́ńtáàtì tèmi rèé: Láńre Kápẹ́ńtà, Láńre Ṣọ́ọ̀ṣì, Láńre Masifa, Láńre Má Gbé E. (Èmi ni mo jẹ ẹni ìkẹyìn yẹn lówó, ẹ gbà mí.) Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn náà ń ṣe é, tí orúkọ bàbá bá ti pọ̀ jù nílùú, wọ́n á fò ó, wọ́n á fi ti ìyá pe èèyàn. Akéwì tí wọ́n yìnbọn pa ní 1936, Federico García Lorca, Lorca ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. José Luis Rodríguez Zapatero tó jẹ́ olórí ìjọba Sípéènì láti 2004 sí 2011, ta ló ń pè é ní Rodríguez? Zapatero ni. Picasso tó ń ya àwòrán, Ruiz ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló ni Picasso. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá wá èèyàn pẹ̀lú orúkọ bàbá tẹ́ ẹ ò rí i, ẹ fi ti ìyá wá a.

Ti àgékúrú náà wà. José ń di Pepe, Francisco ń di Paco, Ignacio ń di Nacho, Luis ń di Lucho ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nacho tó gbá fún Real Madrid, José Ignacio Fernández Iglesias lorúkọ ẹ̀. Ẹ má wá gbé e lé gbogbo èèyàn lórí ṣá o, Pepe ti Pọ́túgà tó máa ń ta èèyàn nípàá yẹn ò jẹ́ José rárá, Képler ni, Bràsíl ni wọ́n sì bí i sí. Lọ́jọ́ tí mo mọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí.

Bí mo ṣe dójú ti ara mi pẹ̀lú Luis García

Kẹ́ ẹ má baà rò pé mo gbọ́n látìgbà tí wọ́n bí mi. Ní June 2023 mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi pé Luis García wa ti Liverpool, ẹni tó gbá góòlù iwin yẹn sílé Chelsea ní Anfield, May 3, 2005, èyí tí Gallas ti Chelsea gbá jáde tí Mourinho, kóòṣì wọn nígbà náà, ṣì ń jiyàn ẹ̀ pé kò wọlé, pé ó ti di kóòṣì ńlá, ó ti gbé Mallorca padà sí La Liga, ó tún ti wá gbé Alavés wọlé. Mo lẹ fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú jẹ́sì pupa mọ́ ọn, mo kọ "Lẹ́jẹ́ńdì" sábẹ́ ẹ̀. Èèyàn bí ogójì ti wò ó. Àfi bí bọ̀dá kan láti àdúgbò wa tó ń gbé ní Valencia báyìí ṣe fi fóìsì ránṣẹ́: "Àbúrò, orí ẹnì kan lo gbé lé ọrùn ẹlòmíì yìí o." Òun mọ̀ ọ́n, kò lè ṣe kó má mọ̀ ọ́n, torí Levante tó wà ní Valencia níbẹ̀ ni Alavés gba àyè yẹn mọ́ lọ́wọ́, pẹ́nárítì nígbà tí ẹ́kísírà táìmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kóòṣì yẹn gan-an sì ti kọ́ Levante tẹ́lẹ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò ni wọ́n ń bú u.

Kóòṣì ni Luis García Plaza, ọmọ Madrid, 1972. Ti Liverpool ni Luis Javier García Sanz, ọmọ Badalona, June 24, 1978. Mo ní ó tán? Kò tán o. Luis García Fernández wà, ọmọ Oviedo, 1981, ó gbá fún Espanyol ọdún púpọ̀, April 2023 ni wọ́n sì fi òun náà ṣe kóòṣì Espanyol, ìyẹn ni pé kóòṣì Luis García méjì ló wà ní Sípéènì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dún tí mo ṣìnà yẹn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ta ni kò ní ṣìnà. Luis García Postigo wà ní Mẹ́síkò, 1969, òun ló gbá méjèèjì wọlé nígbà tí Mẹ́síkò na Áyàláńdì ní 2-1 ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 1994.

Tẹ́ ẹ bá wá jáde kúrò nínú bọ́ọ̀lù, Luis García Montero jẹ́ akéwì, ọmọ Granada, òun ni wọ́n fi ṣe olórí Instituto Cervantes, ilé iṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń kọ́ni ní èdè wọn, ní 2018. Luis García Berlanga ń ṣe fíìmù, Valencia ni wọ́n bí i sí ní 1921, ó kú ní 2010. Àti Luis García Meza, ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn ṣeré, sójà ni, ó fi ìbọn gba ìjọba ní Bòlífíà ní July 17, 1980, ọwọ́ ẹ̀ le, wọ́n lé e kúrò ní 1981, kóòtù rán an lẹ́wọ̀n ọdún 30 ní 1993, ó kú ní 2018. Ẹ wo bó ṣe máa rí tí ẹnì kan bá lọ gbé fọ́tò sójà yẹn sábẹ́ akéwì. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, nínú eré bésíbọ́ọ̀lù tí àwa ò gbọ́, Luis García mẹ́ta ló wà nínú líìgì ńlá wọn lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ọmọ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Dòmíníkà tí wọ́n bí ní 1987, ọ̀kan ọmọ Fẹnẹsúẹ́là, 1996, tó ju bọ́ọ̀lù fún Houston, ọ̀kan tí wọ́n bí sí New York ní 2000 tó gbá fún Washington, ìyẹn fúnra ẹ̀ ti wá ń fi Jr. kún tiẹ̀. Ó ti sú òun náà nìyẹn.

Bí mo ṣe ń wá a báyìí

Kí n tó ka ohunkóhun, ọjọ́ ìbí ni mo ń kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe fọ́tò, kì í ṣe àkòrí. Tí ìròyìn bá ní ẹni yìí gbá góòlù ní 1958, tí ẹni tí mo ṣí bá jẹ́ ọmọ 1987, mo ti mọ̀ pé ilé tí mo wọ̀ kì í ṣe ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ti ń yanjú ìdajì.

Lẹ́yìn náà mo ń tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Google, kí n fi àmì àyọlò sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, "Luis García Plaza" báyìí, kó má baà lọ kó Luis kan níbí kó tún kó Plaza kan ńbẹ̀. Tí mi ò bá mọ orúkọ ìyá ẹ̀, màá fi ìlú tàbí ọdún tàbí iṣẹ́ kún un, "Luis García 1978 Badalona", "Luis García poeta". Poeta ni akéwì, futbolista ni agbábọ́ọ̀lù, entrenador ni kóòṣì, ẹ há mẹ́ta yẹn sórí, ó tó yín lò. Wikipedia ti èdè Sípéènì ní ojú ewé kan fún irú àwọn orúkọ báyìí, wọ́n ń pè é ní desambiguación, gbogbo wọn á tò síbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún àti iṣẹ́, ẹ kàn máa fi ìka yọ́ wọn wò. Kì í jẹ dátà.

Àkópọ̀ tó máa ń wà lókè pátápátá yẹn, tí Google tàbí AI kọ fúnra ẹ̀, èmi kì í gbà á gbọ́ tó bá jẹ́ orúkọ tó pọ̀ báyìí. Ó lè mú ọjọ́ ìbí ẹnì kan, kó mú kíláàbù ẹnì kejì, kó lẹ fọ́tò ẹnì kẹta mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á sì dùn-ún kà bíi pé ẹnì kan ni. Ẹ ṣí ojú ewé ẹni náà gan-an. Fọ́tò náà, ẹ wo jẹ́sì, ẹ wo bóyá dúdú àti funfun ni, ẹ wò ó pé ọjọ́ orí tó wà lójú ẹ̀ bá ọdún tí wọ́n ń sọ mu.

Ìròyìn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ bi í léèrè: ṣé ẹni yìí ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn? Ohun tí ọmọ LAUTECH yẹn ṣe nìyẹn, ẹ má bú u. Ó mọ̀ pé Suárez Díaz ti gbá fún Uruguay kẹ́yìn ní September 2024, ìbéèrè ẹ̀ dáa, ibi tó kù sí ni pé kò ronú pé Suárez míì lè wà láyé.

Tó bá wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ọ́ fáwọn èèyàn, ẹ fi nǹkan kan dè é nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá tó, ẹ fi orílẹ̀-èdè, tí kò bá tó, ẹ fi ọdún, tí ìyẹn náà ò bá tó bíi ti Alonso, ẹ lọ gbé orúkọ ìyá ẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa pè é ní Suárez títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ti owó tẹ́tẹ́ yẹn, ọmọ kan fi ẹgbẹ̀rún méjì tiẹ̀ lé ti Bàbá lóòótọ́, mo ṣí fóònù, mo fi 1960 hàn wọ́n, gbogbo ìta dákẹ́. Bàbá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní kí n lọ ra àkàrà wá fún gbogbo wa, ọmọ tó fìdí rẹmi ló kó àkàrà jù. Mo nu bọ́ọ̀dù, mo tún un kọ: SUÁREZ (KÒLÓŃBÍÀ, 1997) GBÁ MẸ́RIN. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ pe Bàbá lórí fóònù pé wọ́n gbàgbé jígí ojú wọn, Bàbá Tíṣà mẹ́ta ló jáde ní kọ́ńtáàtì mi, ti ìdí igi, ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti Arádà, ẹni tí kì í ṣe wọn ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ti tún un ṣe. Bàbá Tíṣà 1960 ló wà níbẹ̀ báyìí.